Imú Tí Kòrónà Mú Lọ

Mo rántí ìgbà tí imú mi kọ̀ mí sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, tí mo ń ṣí ìgò lọ́fínńdà kan tẹ̀lé òmíràn bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ lọ́fínńdà pípò ni mò ń ṣe nígbà náà, òun náà ni mo sì ń ṣe dòní. Epo mísíkì, epo róòsì, epo igi olóòórùn: n ó po èyí mọ́ ìyẹn fún oníbàárà títí yóò fi rí èyí tó bá ara rẹ̀ mu. N kì í wọn nǹkan, imú ni òṣùwọ̀n mi. Mo tilẹ̀ máa ń fọ́nnu pé bí mo bá di ojú, tí oníbàárà mi kọjá, mo mọ ẹni tó kọjá. Ẹ ò rí ẹnu mi nígbà yẹn!

Ọ̀fìnkìn kì í ṣe àjèjì sí mi. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé ni imú mi máa ń dí. Ìyá mi á se ewé dóńgóyárò, á fi aṣọ bò mí lórí ìkòkò, n ó làágùn, n ó sín, n ó bínú sí gbogbo ayé, kò sì ní pẹ́ tí òórùn á fi padà. Nítorí náà, nígbà tí ara èmi àti àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń gbé l'Ágbowó gbóná lọ́sẹ̀ kan náà, lásìkò tí gbogbo ìlú ń pariwo kòrónà, ọ̀fìnkìn la pè é. Àbúrò mi sín, ó jẹ ẹ̀bà, ó ní ara òun ti yá. Èmi náà dìde. Imú mi ò dí rárá, mò ń mí geere. Àfi ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, tí mo ṣí mísíkì, tó dà bíi pé ìgò omi ni mo ṣí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe o. Mo kó àwọn ìgò náà sínú báàgì, ó di Sábó, lọ́dọ̀ bàbá Haúsá tí mo ti ń ra epo. Mo ní ayédèrú ló tà fún mi, mo ní omi ló bù lé e, mo pariwo débi tí èrò fi pé lé wa lórí. Bàbá náà gbé ìgò símú, ó fi fún àwọn tó dúró, gbogbo wọn ń mi orí pé ó dáa. Ó wá rọra wò mí. "Màdáámù, ọjà dáa. Imú ni ò dáa." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ padà, mo ti tún ṣí gbogbo ìgò náà símú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, n ò lè jókòó sójú kan mọ́. Irú ni mo máa gbé símú, kẹrosíìnì ni, ọṣẹ ni, abẹ́ apá ara mi ni. Àbúrò mi á ní, "Àǹtí mi, ọ̀fìnkìn tí a jọ ṣe náà ni, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú! Ìka ò dọ́gba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú máa ń bí ìka tó kúrú. Nígbà tí òórùn sì padà, ó padà ní wíwọ́: róòsì ń rùn bíi táyà tó jóná, àlùbọ́sà díndín ń rùn bí òkú ẹran. Ọ̀fìnkìn a máa yá imú lò, a sì máa dá a padà. Èyí dá imú ẹlòmíì padà fún mi.

Inú ìdààmú yìí ni mo wà nígbà tí Alhája kan wá bá mi láti Bódìjà, oníbàárà mi àtijọ́. Èmi ni mo máa ń po lọ́fínńdà ọkọ rẹ̀. Ọ̀fìnkìn ni ọkọ náà pe tirẹ̀, ó mu àgbo, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀. Kò pẹ́ tí èémí fi já mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì sin ín. Alhája ti ṣe opó tán. Ó gbé ìgò òfìfo kalẹ̀ níwájú mi. "Ọmọ mi, ó ti gbẹ. Aṣọ rẹ̀ pàápàá ti ń gbàgbé rẹ̀. Bá mi pò ó."

Kí ni kí n sọ? Kò sí ẹlòmíì tó mọ bí a ṣe ń pò ó. Bí mo bá ní imú mi ti lọ, òórùn ọkọ rẹ̀ lọ títí ayé nìyẹn, òkìkí á sì kàn ní Dùgbẹ̀ pé onílọ́fínńdà ò gbóòórùn mọ́. Àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo di ojú, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi máa ṣe bó ṣe máa ń ṣe, bó ṣe ń tẹ ìgò, ibi tó ti ń dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo gbé e símú, táyà ló ń jó. Mo gbé e fún un bẹ́ẹ̀.

Ó yọ ìbòmú rẹ̀. Ó fà á símú. "Yéè! Bàbá àwọn ọmọ mi!" Ó di tábìlì mi mú, ó ń sunkún. Èmi náà bú sẹ́kún. Ó rò pé ọkọ òun ni mò ń dárò, ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ìlara imú rẹ̀ ni mò ń ṣe.

Púpọ̀ nínú òórùn ti padà báyìí, àlùhámúdúlíláì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń jà nínú kẹ̀kẹ́ pé ọ̀fìnkìn lásán ni kòrónà, ẹlòmíì á ní òun sin ènìyàn. N kì í dá sí i, torí òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Alhája ṣì ń wá rọ ìgò rẹ̀ kún. Nígbàkigbà tó bá wá, á fà á símú, á di ojú, á wá nà án sí mi: "Gbọ́ ọ wò, ṣé kì í ṣe òun gan-an nìyí?" Mo máa ń fà á símú pẹ́. Mo sì máa ń ní òun gan-an ni.