Bàbá Ṣì Wà ní Balùwẹ̀

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò lè rí nǹkan tó wà nílẹ̀ lásán kó má gbá a dànù. Tí o bá gbé ife tíì sílẹ̀ láti lọ ṣílẹ̀kùn, kí o tó padà, ó ti fọ ife, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Kódànù là ń pè é nínú ẹbí. Kì í bínú sí i, ó ní orúkọ náà bá iṣẹ́ òun mu.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Ó ń fi èdè kan tí wọ́n ń pè ní C kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nínú èdè yẹn, ẹni tó bá gba àyè ló gbọ́dọ̀ dá àyè padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ẹ̀rọ á kún títí kò fi ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ìyàwó wa ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, títí kan ara rẹ̀, nítorí náà ó máa ń fi akódọ̀tí sínú ètò. Akódọ̀tí yìí á máa rìn káàkiri inú ẹ̀rọ, á máa béèrè pé, "Ta ló ń lo èyí?" Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá dì mú, ó di gbígbá dànù. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti akódọ̀tí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dojú rú nígbà tó gbá àga Bàbá dànù. Lẹ́yìn ikú ìyá wa, Bàbá kó wá sílé ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú àpótí aṣọ kan àti àga kan tí wáyà ló so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n lọ kí àbúrò wọn, kí wọ́n tó dé, àga ti wọ ọkọ̀ akólẹ̀. Kódànù béèrè o. Ó bi ọkọ rẹ̀, ó bi àwọn ọmọ, "Ta ló ń lo àga yìí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n wo ibi tí àga wà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé àpótí, wọ́n wá bá mi ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń gba àlejò. "Ilé tí wọ́n ti ju àga mi nù, èmi ló kàn." Yàrá tèmi ò gbà ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ, ni ọ̀gá mi bá fún wọn ní yàrá orí àtẹ̀gùn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Kódànù wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, ẹ má bínú, àga yẹn ti gbó ni, a máa ra tuntun." Bàbá dáhùn láti inú pé àwọn ti gbọ́. Ẹni tó mọ àgbà mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "mo ti dárí jì ọ́". Wọ́n ní tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ọ̀dọ̀ àbúrò àwọn làwọn ń lọ, àwọn ò sì ní padà mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí Bàbá nìkan ló kù fún wa.

Kódànù yìí náà ló kọ ètò tí òtẹ́ẹ̀lì wa ń lò. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ètò náà (ẹ má wá ẹsẹ̀ rẹ̀ o, inú kóòdù, ìyẹn ohun tí ìyàwó wa kọ fún kọ̀ǹpútà, ló ń gbé). Ó ń falẹ̀, ni ìyàwó wa bá fi ìkejì kún un lọ́sẹ̀ yẹn: ọ̀kan ń dúró ti tábìlì mi, èkejì ń mójú tó àwọn yàrá. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó yí kóòdù padà sí èdè tirẹ̀, ó yẹ kí èèyàn ti kọ ọ́ fún akódọ̀tí pé òṣìṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Bí iyọ̀ inú búrẹ́dì ni: tí búrẹ́dì bá ti jáde nínú ààrò, kò ṣeé fi sí i mọ́. Kódànù gbàgbé iyọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí Bàbá dé, mo ti ibi oúnjẹ dé, mo wo ojú kọ̀ǹpútà: yàrá orí àtẹ̀gùn ṣófo. Mo ní Bàbá ti lọ láìdágbére, ìwà wọn ni. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ò sí níbi tí a ń kọ́ ọ sí, mo ní wọ́n gbé e lọ nítorí ìbínú. Mo nu ojú mi, mo fún oníṣòwò sìgbọ̀nlẹ̀ kan tó ń wá yàrá ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

Bàbá ò lọ síbì kankan. Wọ́n wà ní balùwẹ̀, wọ́n ń kọrin. Oníṣòwò wọlé, ó gbọ́ orin, ó rò pé rédíò ni, ó bọ́ bàtà, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá jáde.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni mo gba yàrá yìí, sà."

"Èmi wá ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wò wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan níbí, sà."

Bí Bàbá ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn tàwọn taṣọ ìnura, ọṣẹ ń hó lórí wọn, àwọn àlejò ń yà fún wọn lọ́nà. "Wọ́n ti ju èmi náà nù," Bàbá wí fún mi. "Ṣebí mo sọ ọ́."

Mo pe ìyàwó wa. Ó sáré dé, ó wo kóòdù rẹ̀, ó fọwọ́ bojú. "Mi ò sọ fún akódọ̀tí pé òṣìṣẹ́ ti di méjì. Ẹni tó wà nídìí tábìlì nìkan ló bi. Ẹni tó ń mójú tó yàrá ló di orúkọ Bàbá mú, kò bi í."

Bàbá nu ọṣẹ kúrò lójú. "Ìyẹn ni pé ó béèrè."

"Ó béèrè, sà."

"Kò kàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni nǹkan."

Kódànù yíjú kúrò lójú kọ̀ǹpútà. "Bí mo ṣe ṣe náà nìyẹn," ó wí. "Mo bi gbogbo ilé, mi ò bi yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé àga gbó, Bàbá. Mo ṣe é bíi pé ẹ ò sí. Ẹ dárí jì mí."

Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá ò sọ pé àwọn ti gbọ́. Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó tì í. "Kọ ọ́ kí n rí i."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyàwó wa ń fa imú, ó ń kọ ìlà kan ṣoṣo tó gbàgbé yẹn, ó ní kí kọ̀ǹpútà tún gbogbo rẹ̀ yí padà. Mo tún orúkọ Bàbá kọ sí yàrá wọn, kò sì parẹ́ mọ́. Bàbá ò gbà. Tó bá tún gbàgbé lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́? Ni Kódànù bá kọ ìdánwò kékeré kan: nígbàkigbà tó bá ń yí kóòdù padà, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi bàbá àgbàlagbà kan sí balùwẹ̀, akódọ̀tí á rìn káàkiri, ẹ̀rọ á wá wò ó bóyá bàbá ṣì wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, iṣẹ́ ò ní tẹ̀síwájú. Oníṣòwò, tó ti sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, ní òun náà fara mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá bá Kódànù lọ sílé. Wọ́n gba àga tó ń yí tí Kódànù fi ń ṣiṣẹ́, ìyàwó wa sì ń jókòó sórí àpótí aṣọ. Tí Bàbá bá ti gbọ́ pé ó dáwọ́ kọ̀ǹpútà títẹ̀ dúró, wọ́n á béèrè: "Ìyàwó wa, ṣé mo ṣì wà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀, sà."

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, Bàbá ti sùn lọ nínú àga, wọn ò béèrè. Kódànù parí iṣẹ́, ó dúró díẹ̀, ó dìde, ó rọra fọwọ́ kàn wọ́n léjìká.

"Bàbá, ẹ ṣì wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀," Bàbá wí, wọ́n sì padà sójú oorun.