Ẹni Kan Ṣoṣo Tó Ń Ṣe Àmín

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ìyá mi lágbára débi pé, nígbà kan, tó o bá wà ní Ìkòtún tó ò ní irú fóònù náà lọ́wọ́, wọ́n á máa wò ẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Oníbọ́tìnnì ni, ó sì ní ibi ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tirẹ̀ tí ẹlòmíì ò lè wọ̀ àfi kó ra fóònù wọn. Ibẹ̀ ni ìgbéraga wọn wà. Àwọn èèyàn bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ní fóònù mìíràn, wọ́n ní rárá, ẹni tó bá fẹ́ wọlé kó wá ra tàwọn. Wọ́n tún ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ pa lójú. Kò pẹ́ tí irú ẹ̀ fi kún ọjà Ìkòtún, olówó pọ́ọ́kú, tó ń gba síìmù méjì, àwa ará Alimosho sì ṣí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wá ṣílẹ̀kùn, kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ó tọ́ sí wọn jàre.

Àmọ́ bí mo ṣe ń bú wọn yìí, ìyá mi náà ni mo ń bú. Màmá ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan nítòsí ilé wa ní Ìdímù. Orí fóònù yẹn ló kó wọn jọ sí gúrúùpù, àràárọ̀ ló sì ń kọ àdúrà gígùn síbẹ̀, tí wọ́n á máa ṣe Àmín tẹ̀lé ara wọn. Nígbà táwọn obìnrin náà ra fóònù tuntun, wọ́n ní kí Màmá jọ̀ọ́ tẹ̀lé àwọn lọ síbi tí gbogbo ayé wà. Ó ní ìka òun ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ lórí gíláàsì, àti pé wọ́n á padà wá bá òun, ká ṣáà máa wò ó. Mo ra tuntun fún un, ó kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó àwo àlejò sí.

Wọn ò padà. Wọ́n ń jáde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n dá gúrúùpù mìíràn sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹlòmíì ṣe olórí ibẹ̀. Ó dun Màmá wọra. Ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú ni pé bí wọ́n ṣe ń jáde, ẹnì kan wọlé. Ẹni náà ò fi fọ́tò síbẹ̀, "Ọmọ Olúwa" ló pe ara rẹ̀, kì í sì í kọ ju "Àmín" lọ, àmọ́ kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Màmá gbà pé arábìnrin kan tó ń jìyà níbì kan ni. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ń jí kọ àdúrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo sáré ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kí n lè tètè lọ síbi iṣẹ́, mo bá bàbá mi lórí kẹ́ẹ̀gì omi, awò ojú lórí imú, fóònù oníbọ́tìnnì mi àtijọ́ lọ́wọ́, ó ń wá lẹ́tà M kiri láti fi kọ Àmín. Bàbá mi, ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, tó máa ń ní agogo àwọn aláṣọ funfun ò jẹ́ kóun sùn! Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu mi.

"Má sọ fún un o," ó ní. "Tó bá mọ̀ pé èmi ni, á mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan."

Ẹ̀rín náà pa rẹ́ lẹ́nu mi. Mo ti ilẹ̀kùn padà.

A ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilé-iṣẹ́ náà fi kéde pé àwọn ń pa ibi ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ náà tì pátápátá. Màmá ka ìkéde náà ní pálọ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Kò bìkítà fún fóònù mọ́. Níbo lòun á ti tún rí Ọmọ Olúwa? Lójú ẹsẹ̀ ló kọ̀wé sí i, pé ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ wà, mo fẹ́ wá kí yín. Nǹkan gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò Dádì. Ó dìde, ó ní inú ń run òun, ó gba balùwẹ̀ lọ. Èèyàn dáadáa ni bàbá mi, àmọ́ irọ́ ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo Nàìjíríà ló wà níwájú rẹ̀, Ìdímù ló lọ kọ ránṣẹ́ sí i.

Màmá fò sókè. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti kó mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, ó ní òun máa wá a láti àdúgbò dé àdúgbò. Oòrùn mú, orúnkún rẹ̀ kò sì dáa. Dádì jáde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Má lọ," ó ní. "Èmi ni."

Màmá jókòó, ó gbé kúlà lé itan. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè wò ó lójú. Ó béèrè lọ́wọ́ Dádì bóyá gbogbo àdúrà náà ló ṣe Àmín sí. Dádì ní gbogbo ẹ̀ pátá.

"Ṣé ẹ kà wọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe Àmín?"

Dádì ní lẹ́tà yẹn ti kéré jù fún ojú òun. Ni Màmá bá rẹ́rìn-ín, mi ò rí irú ẹ̀ lójú rẹ̀ láti ìgbà táwọn obìnrin náà ti lọ. Ó gbé fóònù fún mi pé kí n ka àwọn àdúrà náà sókè. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó rọ ọkàn líle ọkọ òun, kó bọ́ bàtà, kó wọ aṣọ funfun, kó bá òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmín ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan wà tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Dádì ní bọ́tìnnì ló há.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bàbá mi wọ aṣọ funfun tí kò bò ó délẹ̀, ó ń tiro láìwọ bàtà lórí òkúta, ó ń ṣépè fún ilé-iṣẹ́ fóònù lábẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tó fi gúrúùpù Màmá sílẹ̀ ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wò wá. Nígbà tí wọ́n ní kí Màmá gbàdúrà, ó bọ́ síwájú. Bó ṣe parí, ohùn ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ ṣe Àmín, ó sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.