Oògùn Funfun Kékeré Méjì

Mo rántí òórùn oògùn ńlá funfun yẹn ju gbogbo òórùn ilé wa n'Ìkọ̀yà lọ. Bí ẹja tó fẹ́ bàjẹ́ ló ń rùn. Bí mo bá ti ṣí agolo rẹ̀ láàárọ̀, ìyáalé mi á kọjú sí ògiri. Oògùn ìtọ̀ súgà ni, n kò sì lè ṣì í mú láé, nítorí imú kò nílò ìwé kíkà.

Ìgbà tí rọpárọsẹ̀ dá ìyáalé mi dùbúlẹ̀ ni mo di nọ́ọ̀sì, èmi tí n kò wọ kíláàsì rí. Ọkọ wa ti kú, àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà. Wọ́n kó oògùn lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìyá Kékeré, ọwọ́ yín la fi Màmá sí o." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Nígbà tí èmi àti ìyáalé mi ṣì lágbára, a ti jà débi pé a kò kí ara wa fún odidi ọdún kan, gbogbo agbo-ilé ló sì mọ̀. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí obìnrin yìí bá kú sí mi lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò pè é ní àmúwá Ọlọ́run.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wá kọ́ mi. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan. Ńlá tó ń rùn, ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ó wá ku funfun kékeré méjì tó jọ ara wọn bí ìbejì. Ọ̀kan ń fa omi kúrò lẹ́sẹ̀ tó wú, ẹyọ méjì ni. Èkejì tún jẹ́ ti súgà, àbọ̀ ni, àbọ̀ péré.

"Màmá, ẹ fetí sílẹ̀. Alábọ̀ yìí lágbára. Bó bá pọ̀ jù, tàbí tí wọn kò jẹun, òógùn tútù á bò wọ́n, ara wọn á máa gbọ̀n. Ẹ tètè fi súgà sí wọn lẹ́nu, kí ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Mo ju ìlàjì ẹkùrọ́ sínú agolo alábọ̀. Mo ju èéfọ́ ìkarahun ìgbín sínú agolo omi, ta ni kò mọ̀ pé ìgbín lómi? Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín: "Ẹ ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi o!" Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ládùúgbò bí ẹni tó wọ aṣọ funfun.

Adúmáadán ni mo ń pe àkọ́bí ìyáalé mi, nítorí wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, n kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó wá kí ìyá rẹ̀, ó bá ẹkùrọ́ nínú oògùn, ó figbe ta.

"Ìyá Kékeré! Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ̀ ń tọ́jú ni? Ẹ wo ìdọ̀tí!"

Ó kó ẹkùrọ́ àti ìkarahun dànù, ó da oògùn sínú ìgò tuntun mẹ́rin, ó kọ̀wé sára wọn. "Ṣé ẹ lè kà á?"

Mo máa ń gbé Bíbélì dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó rò pé mò ń kà á ni. Mo ní, "Ó hàn dáadáa, Adúmáadán." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti ìgò mẹ́rin. Imú mú ọ̀kan, ojú mú èkejì. Funfun kékeré méjì ń wò mí. Aya pásítọ̀ ń gbálẹ̀ níwájú ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kí aya pásítọ̀ wá mọ̀ pé n kò mọ̀wé? Mo yan ìgò kan, mo ka méjì jáde níbẹ̀. Mo fọ́ ẹyọ kan láti inú ìgò kejì sí àbọ̀.

Òkèlè púpurú méjì péré ni ìyáalé mi jẹ. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ṣé èyí ni?"

"Òun ni, Ìyá wa."

Ó gbójú sókè, ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ló gbé e mì.

Títí oòrùn fi kan àtàrí, kò ní kí n gbé ike ìtọ̀ wá. Oògùn omi kì í sì í jẹ́ kó sinmi. Mo ti fura pé mo ṣì í mú kí òógùn tó yọ lára rẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó tutù bí omi odò, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo pariwo. Aya pásítọ̀ sáré wọlé.

"Kí lẹ fún un?"

"Oògùn rẹ̀ ni."

"Èwo nínú wọn?"

Mo po súgà, mo ń fi ìka pa á sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ilé kan ti gun ọ̀kadà lọ pe nọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi dé, tó fa omi súgà sí i lára, tí ojú ìyáalé mi là, ìyẹ̀wù ti kún fún obìnrin, èmi ni gbogbo wọn ń wò. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo lanu. Ìyáalé mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"N kò jẹun. Ó bẹ̀ mí títí, n kò jẹ."

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì. Kò bú mi. Ó wá ìlàjì ẹkùrọ́ àti èéfọ́ ìkarahun, ó jù wọ́n sínú ìgò.

Ìyáalé mi lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí, èmi náà kò sì dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó gbé oògùn mì, á kọ́kọ́ wo ojú mi, á wò ó pẹ́. N kò mọ̀ títí dòní bóyá àṣìṣe ló kà á sí.

Èmi náà ti ń lo èyí tó ń rùn bí ẹja báyìí. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ èyí, ọmọ Adúmáadán, ìwọ lò ń ka ara ìgò fún mi. O máa ń bi mí pé, "Màmá, kí lẹ máa ń wò lójú mi kí ẹ tó gbé e mì?" O ti gbọ́ ọ báyìí. Ilẹ̀ ti mọ́, gbé ìgò wọ̀nyẹn wá.