Ife Kẹta Níwájú Ìsọ̀ Mi

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mo ń to síìpù sára ògiri ìsọ̀ ohun èlò ìránṣọ mi ní Banjul, ní ilẹ̀ Gambia, nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń se tíì àtáyà níwájú ìsọ̀ náà béèrè ẹnì kan tí kò sí láàárín wọn. Ẹni tó jókòó tì í dá a lóhùn pé, "Ife kìíní ló ṣì ń mu, ní Agadez."

Mo dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo mọ̀ pé Agadez wà ní ilẹ̀ Niger, létí aṣálẹ̀. Ta ni yóò jókòó sí Banjul tí yóò máa ka ife tí ẹlòmíràn ń mu ní Agadez? Láti ọjọ́ náà ni èdè wọn ti wọ̀ mí lẹ́wù.

Ọ̀rọ̀ abẹ́nú ti ń dùn mọ́ mi tipẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Nàìjíríà ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìlú yìí sórí, bí ẹni ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Mo mọ̀ pé "sẹ̀mẹ́sítà" ni ọmọ Gambia tó ti ilẹ̀ òyìnbó wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó ń náwó, tó sì tún padà. Mo mọ̀ pé "bákúwéè" ni ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀nà aláìnífísà, tó gba aṣálẹ̀ dé Líbíà, tó sì gba orí òkun dé Ítálì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ ìwọ̀nyẹn. Èdè àwọn tó wà níwájú ìsọ̀ mi, àwọn nìkan ló ni ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣúgà lọ bá wọn, wọ́n sì jẹ́ kí n máa bi wọ́n léèrè. Ọ̀kan nínú wọn, wẹ́dà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kanifing nítòsí Banjul, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ èmi Alájì, bí wọ́n ṣe ń pè mí, tó báyìí, kí Alájì kúkú bá àwọn gba bákúwéè, kó lọ gbọ́ ọ lórísun. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ewé àtáyà kan náà ni wọ́n máa ń sè nígbà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, tí àwọn Wolof ń pè ní lewel, dúdú, ó sì korò débi pé ojú á fún pọ̀. Ti kejì rọ̀ díẹ̀. Ti kẹta ni wọ́n ń da ṣúgà àti ewé míǹtì sí dáadáa, òórùn rẹ̀ á sì dé ẹ̀yìn ìsọ̀ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ èdè wọn. Ẹni tó bá wà ní Agadez ń mu ife kìíní. Ẹni tó bá ti wọ Líbíà ń mu ìkejì. Ẹni tó bá tẹ ilẹ̀ Ítálì tó sì pè wọ́n lórí fóònù, òun ló mu ìkẹta. Wọ́n tún ní òfin kan: bí ọ̀kan nínú wọn bá ti bọ́ sójú omi, wọn kì í se ife kẹta mọ́ títí fóònù rẹ̀ yóò fi dún. Wọn á da ewé nù lẹ́yìn ìkejì.

Obìnrin kan wà tó máa ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi, aránṣọ, opó, ọmọ àwọn Àkú Mùsùlùmí, àtọmọdọ́mọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Banjul. Èdè ilé rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àdàlù tó gba àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti sàráà lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, káfíńtà, máa ń jókòó níbi àtáyà náà, kó tó di pé ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ láìdágbére fún un. Nígbà tí Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, gbọ́ pé mo gbọ́ èdè wọn, ojoojúmọ́ ló ń yà sọ́dọ̀ mi.

"Bọ̀dá, ife mélòó ni wọ́n wí lónìí?"

Mo sọ fún un pé ọ̀kan. Ó pẹ́ kí n tó sọ pé méjì. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti bọ́ sójú omi, mo sì ṣàlàyé òfin náà. Látìgbà náà kò bi mí mọ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á máa wo kẹ́tù tíì wọn títí wọn á fi da ewé nù lẹ́yìn ìkejì. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Màmá ṣe ń yan bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi ni òórùn míǹtì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. A jọ bojú wòta. Wẹ́dà náà ti gbé kẹ́tù sókè, ó ń da ife kẹta láti òkè kí ó lè hó. Màmá fi bọ́tìnnì sílẹ̀, ó sáré lọ sílé. Nígbà tó padà, àwo àkàrà gbígbóná ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, sàráà ọpẹ́ ni. Ó gbé e síwájú wọn.

Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i. Wẹ́dà náà dìde.

"Màmá," ó ní, "èmi ni mo fẹ́ lọ. Tèmi la sè."

Òfin mìíràn nìyẹn, tí n kò tíì gbọ́ rí pẹ̀lú gbogbo ìwádìí mi: ẹni tó bá fẹ́ gbéra gbọ́dọ̀ mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ wà lójú omi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò rí ìkẹta mu níbòmíràn.

"Òun ńkọ́?" ni Màmá béèrè.

Wọ́n ń wo èédú.

Màmá ní kí wọ́n jẹ àkàrà náà kó má bàa tutù. Wọ́n jẹ ẹ́. Wẹ́dà náà di díẹ̀ sínú bébà fún ọ̀nà. Màmá kò padà wá gba bọ́tìnnì tó ti yàn.

Lẹ́yìn tí wẹ́dà lọ, mo bi àwọn tó kù pé kí ni wọ́n ń pe ẹni tó bọ́ sójú omi tí fóònù rẹ̀ kò dún mọ́. Ọ̀kan fọ gíláàsì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní àwọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Èèyàn méjì ló ṣẹ́kù nídìí kẹ́tù báyìí. Wẹ́dà ti pè láti Agadez, ife kìíní ló ń mu. Ọ̀rọ̀ wọn tó wà lórí mi ti pé mẹ́tàdínlógójì, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Màmá tún yà, ó sì bi mí bíi ti tẹ́lẹ̀ pé ife mélòó ni. Mo wo inú kẹ́tù wọn, tí wọ́n ti da ewé rẹ̀ nù lẹ́yìn ìkejì, kí n tó dá a lóhùn.

Méjì.