Àga Tí Ìyá Mi Jókòó Sí

Tí mo bá gbọ́ òórùn òróró tí wọ́n fi ń kun igi àga, Bàbá mi ni mo máa ń rántí. Nínú àlòkù Yúróòpù lọ́jà Ouando ló ti máa ń ṣa àwọn àga àtijọ́ táwọn ará Kútọnú ń wá kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan wá sílé wa, ó sì nawọ́ sí àga tí Ìyá mi tó ń ṣàìsàn jókòó sí.

Bàbá ní, “Dìde fún wa. Mà á wá òmíràn fún ọ lọ́la.”

Ìyá mi dìde. Inú mi dùn.

“Màmi, ẹ wá dùbúlẹ̀ tì mí lórí ẹní.”

Ó dùbúlẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé jíjókòó nìkan ló fi ń rí èémí mí.

Nígbà tí mo jí, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù lọ́rùn mi.