Ẹni Tí Yóò Pe Ẹnìkejì Ní Ẹ̀gbọ́n

Ohun tó wà láàárín Kóòṣì àti Wẹ́dà kò ju ẹyọ lẹ́tà kan lọ. Ta ni yóò máa sọ "o" fún ẹnìkejì, ta ni yóò sì máa fi "ẹ" dá a lóhùn? Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ìyá Kóòṣì ní ìgbà òjò ni òun bí tòun. Bàbá Wẹ́dà, kó tó kú, ní ìgbà òjò náà ni. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi "o" gún ara wọn bí ẹni fi ìka gún ènìyàn níhà, tí kálukú sì ń ṣọ́ ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò ṣèèṣì.

Onígbàjámọ̀ ni Kóòṣì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àga ìgẹrun méjì, dígí ńlá kan tó ti sán ní igun, bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, àti tẹlifíṣàn tó fi kọ́ ògiri. Ó ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì dá a lójú pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó tàn án, àwọn ọkùnrin kan tó dé fìlà tí wọ́n mú igi dání ló yọ sí i. Bésíbọ́ọ̀lù ni. Díìsì tí géèmù náà wà lórí rẹ̀ sì ti há sínú ẹ̀rọ. Ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́ títí, ó gbá ẹ̀rọ náà létí, ó bẹ̀ ẹ́. Díìsì náà kò mira.

Ló bá kúkú kọ́ ọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ le: ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkan á fi igi gbá a. Ẹni tó bá gbá a á sáré yí igun mẹ́rin ká, bó bá sì padà délé, ó gba àmì kan. Ẹni mẹ́sàn-án ló ń gbá a lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀gá ẹgbẹ́ ló sì ń tò wọ́n: ta ni yóò ṣíwájú, ta ni yóò tẹ̀lé e, ta ni yóò jókòó. Ìtò yìí ló wọ Kóòṣì lára jù. Ó lè fi orí oníbàárà sílẹ̀ lágbede méjì kó lọ fi ẹni kẹfà sípò ẹni kẹrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Kóòṣì.

Ṣùgbọ́n Wẹ́dà, tó ń jó irin ní òdìkejì títì, ló mọ̀ ọ́n gbá. Iná ti jẹ ìka rẹ̀ káàkiri, síbẹ̀ bí ìka náà bá kan páádì tí wọ́n fi ń darí géèmù, bí ẹyẹ ni. Ó na Kóòṣì lónìí, ó nà án lọ́la.

"Ṣé o mọ̀ pé ó yẹ kí o máa dọ̀bálẹ̀ fún mi kí o tó mú páádì?" ni Wẹ́dà bi í.

"Fún ta? Fún ìwọ ọmọ àná?"

"Ó dáa. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí wọ́n bá nà, 'ẹ̀gbọ́n mi' ni á máa pe ẹnìkejì títí ayé. Pẹ̀lú 'ẹ.' Níwájú ìyàwó, níwájú ọmọ."

"Níwájú oníbàárà náà!" ni Kóòṣì wí. Ẹnu rẹ̀ yá ju orí rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni Kóòṣì ti ń ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ wò ó.

"Olówó orí mi, ṣé torí lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ ò ṣe jẹun?"

"Ìwọ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí mo bá fi lè pe Wẹ́dà ní ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ẹ̀ ti di ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ìwọ náà á máa kúnlẹ̀ kí i."

Ìyàwó rẹ̀ rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìyẹn tó ń gbálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi? Ẹ tò wọ́n dáadáa o!"

Ó tò wọ́n. Ó fi àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá síwájú, ó fi àwọn alágbára tẹ̀ lé wọn, ó tú u, ó tún un tò. Bó ṣe wù kó tò wọ́n, bọ́ọ̀lù Wẹ́dà á gba ẹ̀gbẹ́ igi wọn kọjá, fìì.

Ní ọjọ́ kan kí ọjọ́ Àìkú tó dé, ó ń gẹ irun fún ọ̀gá tó kọ́ Wẹ́dà níṣẹ́, bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Bàbá náà wúkọ́, ó ní, "Ọmọ yẹn, títí dòní, bí mo bá wú irú ikọ́ yìí, á dìde dúró."

Kóòṣì pa ẹ̀rọ ìgẹrun. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀run. Géèmù náà máa ń jẹ́ kí ènìyàn yí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù padà.

Kó tó ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, ó ti pa gbogbo orúkọ rẹ́. Ó kọ Ọ̀gá. Ó kọ Onílé, ó kọ Bàbá Àgbà, ó kọ gbogbo ẹni tí Wẹ́dà kò lè wò lójú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fi Màmá, ìyá ìyàwó Wẹ́dà, sí ìkẹsàn-án, torí ọkùnrin tó fún lórúkọ náà sanra, kò sì lè sáré. Lẹ́yìn náà ló lọ pe Màmá àti Ọ̀gá pé kí wọ́n wá wo ara wọn nínú tẹlifíṣàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Màmá dé ṣáájú. Ó wo orúkọ lórí tẹlifíṣàn láti òkè délẹ̀.

"Ìkẹsàn-án? Ṣé èmi ni wọ́n bí gbẹ̀yìn láyé ni?"

"Màmá, ibi tí agbára yín—"

"Ta ló bi ọ́ ní agbára? Ọ̀gá yẹn, mo ti bímọ méjì kó tó já ọmú!"

Kóòṣì gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìtò. Ọjọ́ orí ló fi tò wọ́n, láti orí àgbà dé orí àbúrò, bí ẹni ń kí ènìyàn yíká iyàrá. Màmá bọ́ sí iwájú, ọkùnrin sísanra náà sì gbé igi.

Wẹ́dà wọlé pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Ó rí ọ̀gá rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbójú sókè.

"Kí nìyí?"

"Ẹgbẹ́ mi ni. Ju bọ́ọ̀lù. Màmá ń dúró dè ọ́."

Wẹ́dà tẹ páádì, ojú rẹ̀ sì wà lára Màmá. Bọ́ọ̀lù náà ba ọkùnrin sísanra léjìká.

"Yéè!" Màmá di èjìká ara rẹ̀ mú. "Ọkọ ọmọ mi! Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin, géèmù ni."

"Ta ló ni orúkọ tó wà níbẹ̀?"

Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bà, ọ̀fẹ́ ni yóò rìn dé igun àkọ́kọ́. Màmá rìn dé ibẹ̀. Ó kan Ọ̀gá. Wẹ́dà ju mẹ́ta tó kọjá fìì. Ẹni tí mẹ́ta bá kọjá lára igi rẹ̀, eré rẹ̀ parí nìyẹn; adájọ́ inú géèmù sì na àtàǹpàkò pé kí Ọ̀gá jáde.

Ọ̀gá wúkọ́. Wẹ́dà fò dìde.

"Ìwọ lo lé mi jáde?" ni bàbá náà wí wẹ́rẹ́. "Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di iná mú?"

Láti ibẹ̀, Wẹ́dà kò ju bọ́ọ̀lù sí sàkáání ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì ju mẹ́rin jìnnà sí, ọ̀fẹ́ ni tòun náà. Bí igun ti kún, ẹni tó bá dé á máa ti ẹni iwájú wálé. Àwọn àgbà ń rìn wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bọ̀ láti ìpàdé. Kóòṣì kò fi igi gbá nǹkan kan. Nígbà tó yá, àánú ṣe géèmù náà fúnra rẹ̀, ó ní àmì ti jìnnà síra jù, ó sì pa eré dé.

Wẹ́dà ṣí fìlà. "Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ̀GBỌ́N MI!"

Kóòṣì ní ohùn náà dùn ju orin lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Wẹ́dà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, irun orí wọn kún bí igbó. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ yín dé." Kóòṣì gẹ gbogbo wọn tán, ó na ọwọ́ fún owó. Wẹ́dà gba ọwọ́ náà, ó fi ọ̀wọ̀ bọ̀ ọ́, ó lọ. Ní ọ̀sán, ó yọjú lójú fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí la fẹ́ jẹ?" Àwọn ará àdúgbò tí ariwo irin ń dí létí bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá Kóòṣì, wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ní kí àwọn fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n òun. Màmá náà wá. "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ mi, ìwọ náà ti di àna mi. Òrùlé mi ń jò."

Kóòṣì sọdá títì. "Jẹ́ ká tún un gbá. Ẹni tí wọ́n bá nà ni àbúrò."

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Wẹ́dà wí. Ó tètè gbà ju bó ti yẹ lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, Kóòṣì tò wọ́n bí ẹni tó ń wá ìparun. Ó kó àwọn tó dára jókòó, ó sì fa bọ́ọ̀lù lé ẹni tí apá ń dùn lọ́wọ́. Ó wá wo ẹgbẹ́ Wẹ́dà. Gbogbo wọn ló ní àmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ: àwọn aláìsàn. Kóòṣì àti Wẹ́dà wo ara wọn.

Kóòṣì ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé. Aláìsàn Wẹ́dà fi igi lé e, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó jáde.

"Fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀, àbúrò. Ọ̀fẹ́ ni mo fún ọ."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè kọ ohun tí ẹ bá jù sí mi."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, òdo sí òdo, títí tó fi ku ẹnìkan ṣoṣo ní ìhà Kóòṣì. Wẹ́dà ju bọ́ọ̀lù jìnnà réré. Kóòṣì dijú, ó na igi sí òfìfo kó lè jáde ní kíákíá.

Igi bá bọ́ọ̀lù. Gbàù! Bọ́ọ̀lù gbéra, ó ga, ó ré kọjá ọgbà, àmì kan ti wọlé nìyẹn, gbogbo èrò inú tẹlifíṣàn sì dìde.

Kó tó balẹ̀, Wẹ́dà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.