Ẹnu Àgbá

Ersilia kéré lára. Nígbà tí Fosco mú un wá sí oko àjàrà wọn ní Poggio Sorbo láti fi hàn nílé, èjìká rẹ̀ ni bàbá Fosco kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Èyí á gba ẹnu àgbá." Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e níyàwó.

Igi óákù ni wọ́n fi kan àgbá náà. Ó ga ju ọkùnrin lọ. Inú rẹ̀ ni wáìnì pupa ilé náà ń sùn fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Bó bá ṣófo, ẹnìkan ní láti gba ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹnu àgbá, wọlé, kó ha èépá pupa tó lẹ̀ mọ́ igi, kó sì fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá wọlé kò gbọdọ̀ dákẹ́. Bí àwọn tó wà níta ò bá gbóhùn rẹ̀ mọ́, wọ́n á mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti burú, wọ́n á sáré fà á jáde. Kò sì gbọdọ̀ jẹun kó tó wọlé, kí ikùn rẹ̀ má baà há.

Ersilia ló ń fọ àgbá náà láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Fosco ti kú. Nevio, ọmọ wọn, fẹ̀ léjìká bíi màlúù.

"Màmá, ẹ ti dàgbà," Nevio sọ lọ́dún yìí. "Bí ò bá sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́, màá là á fi ṣe igi ìdáná, ká ra àwọn àgbá kékeré."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò sẹ́ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀, Ersilia lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹun. Ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ó ki orí bọ ẹnu àgbá. Èjìká wọlé, ikùn ò wọlé. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Nevio di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Màmá, kí lẹ jẹ?"

"Fà mí, má bi mí."

"Ẹ̀wà ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀wà ni."

Ó fà á jáde. Ersilia jókòó sílẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Nevio wo ayùn tó wà lára ògiri.

Ornella, ìyàwó Nevio, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa omi gbígbóná. Ó ti pẹ́ nílé yẹn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ni Ersilia ti wo èjìká rẹ̀, tó sì rí i pé ó máa gba ẹnu àgbá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fọ àgbá ló ń kọ́kọ́ tọ́ wáìnì wò nílé wọn, ṣáájú baálé pàápàá.

"Ìyàwó," Ersilia pè é, "kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kọfí nìkan ni, Màmá."

"Bọ́ bàtà ẹ."

Ornella wọnú àgbá wẹ́rẹ́. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ha igi. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Nevio dìde.

"Sọ̀rọ̀!" Ersilia kígbe.

"Mi ò mọ ohun tí màá sọ."

"Sọ ohunkóhun."

Ornella tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha igi. "Màmá, iyọ̀ ọbẹ̀ yín máa ń pọ̀ jù. Àtìgbà tí mo ti débí ló ti ń pọ̀ jù."

Nevio wo ilẹ̀.

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?" Ersilia bi í.

"Ó kù. Aṣọ tí mo bá fọ̀ tán tí ẹ máa ń tún fọ̀, mo máa ń rí yín."

Èépá pupa ń já bọ́ lẹ́nu àgbá. Ersilia ń gbá a jọ.

"Mò ń gbọ́," ó ní. "Máa wí lọ."

Nígbà tí wọ́n rọ wáìnì tuntun sínú àgbá, Ornella ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ersilia dúró kó tọ́ ọ wò tán kí òun tó gba ife.